Ẹni tó Ṣe Ọjà àti Ẹni tó Kó o Wá
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn oníṣòwò ọmọ Yorùbá ní Abuja sọ, ní ìmúrasílẹ̀ fún ayẹyẹ ìdáwójọ ẹgbẹ́ wa

Àwa tí ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe akọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni a kà, ọjà ni ó kọ́ wa ní ìyókù. Bí èdè wa kò bá dán tó ti àwọn ọ̀mọ̀wé, ẹ fi orí jì wá. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ ọjà, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú wa dá a lábàá pé nínú owó tí a bá rí níbi ìdáwójọ yìí, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ sọ́tọ̀, kí a fi ìyókù ṣe owó àjọrà. Wọ́n ní kí a máa ra ọjà lọ́wọ́ kọ́ńpìnì tó ń ṣe é gan-an, kí a fo àwọn alágbàtà dá, nítorí pé àwọn alágbàtà ni ó ń jẹ èrè wa. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní àbá náà dára, àwọn mìíràn ní owó ẹgbẹ́ yóò ṣègbé. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ló ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè: ta ni ó ṣe ọjà yìí, ta ni ó kàn kó o wá, kí sì ni iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn?

Ìbéèrè yìí kan àwa tí a wà ní Abuja ju àwọn ará ilé wa lọ. Oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba ṣe òfin pé ibí yìí ni yóò jẹ́ olú ìlú, ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni wọ́n sì kó ìjọba kúrò ní Èkó wá síbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tẹ̀ lé e wá, pẹ̀lú àpò kan àti àdúrà ìyá. Ìlú ọ́fíìsì ni ìlú yìí. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ díẹ̀ wà ní Idu, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń tà ní Wuse, ní Garki, ní Utako, ní Nyanya, ní Kubwa àti ní Dei-Dei, láti Èkó, Ọ̀tà, Àgbárá, Kánò, Aba tàbí òkè òkun ni ó ti ń wá. Ọwọ́ tó wà láàrin àwa àti ẹni tó ṣe é pọ̀. Bí a kò bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, a ó máa san owó iṣẹ́ fún ọwọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, a ó sì máa béèrè lọ́wọ́ òmíràn ohun tí kò sí ní agbára rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, èdè wa sì fi hàn. Aláró ló ń pa aró, ahunṣọ ló ń hun aṣọ, àgbẹ̀ ló ń gbin iṣu. Alájàpá ni ẹni tó ń ti ìlú kan ra ọjà lọ tà ní ìlú mìíràn. Alágbàtà ni ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín láti tà á fún ẹlòmíràn, aláròóbọ̀ sì ni ó ń tà á ní kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí tó jẹ́ èébú. Ayé òde òní ni ó sọ “alágbàtà” di orúkọ olè.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń ta aṣọ ní ayé àwọn Òyìnbó. Ìlú Manchester ni wọ́n ti ń hun aṣọ púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà. UAC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, John Holt àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń kó o wọlé. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ilé ńlá wọ̀nyí kò hun ìgbọ̀nwọ́ aṣọ kan. Alágbàtà ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà wọn ń dán. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ní páàsìbúùkù lọ́wọ́ wọn a gba aṣọ ní ìdì ní àwìn, wọn a pín in fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn, àwọn yẹn a sì gé e tà ní ọ̀pá ní ọ̀pá. Ẹni tó hun ún kò mọ Ìbàdàn, kò mọ Ṣàgámù, kò sì mọ ẹni tí yóò san gbèsè. Ìyá onípáàsìbúùkù mọ ilé gbogbo wọn. Ìmọ̀ yẹn ni ó ń tà, tí ó fi ń jẹ èrè.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí a lè bi ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣe ọjà ni yóò dáhùn fún ohun tó wà nínú rẹ̀, fún ìwọ̀n rẹ̀, fún ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹni tó kó o wá ni yóò dáhùn fún ibi tí ó tọ́jú rẹ̀ sí, ọjọ́ tí yóò dé, àti bóyá yóò gbà á padà bí ó bá ní àbùkù. Òògùn ibà lè dára láti ilé iṣẹ́ wá, kí ẹni tó kó o wá gbé e sábẹ́ páànù gbígbóná oṣù mẹ́ta títí agbára rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ̀bi ta ni? Bẹ́ẹ̀ ni a máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bú kọ́ńpìnì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò wí pé kí àwa atàjà máa sọ pé “kì í ṣe àwa ni a ṣe é” kí a sì jókòó. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí wọ́n ṣe ní 2018 kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó lè pe ẹni tó tà á lẹ́jọ́.

Àwọn ará Dei-Dei tó wà níbí yóò jẹ́rìí wa lórí sìmẹ́ńtì. Obajana, ní ìpínlẹ̀ Kogi, kò jìnnà sí Lọ́kọ́ja, ilé iṣẹ́ Dangote tó wà níbẹ̀ sì wà lára àwọn tó tóbi jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ènìyàn a ní, “Kí ló dé tí a kò fi lọ rà á níbẹ̀?” Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó ń ṣe é kò jókòó láti ta àpò mẹ́wàá fún yín. Tírélà kan a gba àpò 600, tí í ṣe tọ́ọ̀nù 30, owó rẹ̀ a sì pé kí ọkọ̀ tó gbéra. Nínú wa, ta ni yóò ta àpò 600 kí òjò tó rin ín? Alágbàtà ni ó ń gba ìnira yẹn, òun ni ó ń fún kóńkéré rẹ ní àpò 20 lónìí, tí yóò ní kí o mú owó wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí a bá fo alágbàtà dá, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bá a lọ. Orí wa ni yóò bọ́ sí: ilé ìkẹ́rù, owó ọkọ̀, àwìn, òjò, gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Sìmẹ́ńtì náà tún kọ́ wa ní ohun kan. Ní 2014, àjọ SON pàṣẹ pé èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí lára, fún rírẹ́ ilé nìkan ni, 42.5 ni kí a máa fi mọ bíríkì, kí a sì máa fi da òpó àti dẹ́ẹ̀kì. Iṣẹ́ ẹni tó ṣe é ni láti kọ nọ́ńbà náà sí ara àpò. Iṣẹ́ ẹni tó ń tà á ni láti béèrè pé, “Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?” Ẹni tó bá ta 32.5 fún ẹni tó fẹ́ da dẹ́ẹ̀kì, tí kò sì la ẹnu, ilé tó bá wó kò ní bi kọ́ńpìnì nìkan. Irin róòdù tilẹ̀ burú jù ú lọ. Àwọn kan ń ta èyí tí kò tó mílímítà 12 ní orúkọ 12, wọ́n sì mọ̀. Ẹ máa wo orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n fín sí ara róòdù. Èyí tí kò bá ní orúkọ, kò ní bàbá nìyẹn.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ wa ń tà.

Ẹ̀yin tó ń ta ànkárá, ẹ mọ aṣọ Hóláńdì tí Vlisco ń ṣe ní ìlú Helmond láti 1846. Wọ́n a tẹ orúkọ wọn sí etí aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè tẹ àwòrán aṣọ lè tẹ etí aṣọ pẹ̀lú! Ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ní ọ̀rọ̀ kan náà létí. Ti ilé wa náà kò yọ sílẹ̀. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, United Nigerian Textiles sì tẹ̀ lé e. Èyí ìkẹyìn ti ilẹ̀kùn ní 2007 kí ó tó tún ṣí ní 2010. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ wa ń kú lọ, aṣọ tí wọ́n kọ “Made in Nigeria” sí létí kò wọ́n ní ọjà. Ta ni ó wá ń ṣe é? Ẹni tó bá ń rà á láti tà gbọ́dọ̀ lè dáhùn. Bí ó bá jẹ́ ti Ṣáínà, kí ó pè é ní ti Ṣáínà, kí ó tà á ní iye ti Ṣáínà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú aṣọ olówó pọ́ọ́kú. Irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ ọn ni ẹ̀ṣẹ̀. Àdìrẹ náà ti di bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ ni ó ń tẹ púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ lónìí, àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìgbà tó bá wá kan aṣọ òfì, ó rọrùn, nítorí pé a mọ ẹni tó ń ṣe é. Ó wà ní Ìsẹ́yìn, ó jókòó sí ìdí òfì, ènìyàn lè bá a sọ̀rọ̀, kí ó sì dáhùn ní Yorùbá. Àwọn tó ní kí a lọ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wọn ti ta yọ jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìyá alágbàtà aṣọ òfì ń ṣe kí aṣọ tó dé Abuja. Bí a bá fẹ́ aṣọ ènìyàn 100, ahunṣọ kan kò lè hun ún tán kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé. Ìyá náà a pín iṣẹ́ sí ìdí òfì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ra òwú gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọ̀ má baà yà. Bí ahunṣọ kọ̀ọ̀kan bá lọ ra òwú tirẹ̀, “búlúù” mẹ́wàá ni ẹ ó rí lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwọn àlejò yóò sì rò pé ẹgbẹ́ mẹ́wàá ni ó wá. Òun náà ni ó ń wọn fífẹ̀ ọ̀já, tí ó ń dá èyí tí kò ki padà, tí ó sì ń san àsansílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ìrìn àjò nìkan ni ìyá yẹn ń gba owó lé lórí, kò tíì bá a lọ.

Ẹ tún wo òwú yẹn. Ahunṣọ ni ó ń ṣe aṣọ, ṣùgbọ́n òun náà oníbàárà ni ní ìsọ̀ olówùú. Kì í ṣe òní ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Òwú sílíkì pupa tí àwọn baba wa fi ń hun àlàárì, aginjù Sàhárà ni wọ́n kó o kọjá kí ó tó dé Kánò, kí ó tó dé ilẹ̀ wa. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní a ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ọjà, a kò tíì dé ìdí rẹ̀. Ẹni tó ṣe é náà ní ẹni tó ń kó ọjà wá fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn yìí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ èrè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àjọ NAFDAC kéde pé kí a má ṣe lo òògùn olómi kan tó ń jẹ́ My Pikin mọ́, èyí tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín. Àwọn ọmọdé tó mu ún kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn sì bàjẹ́. Kí ó tó di oṣù kejì ọdún 2009, ọmọ 84 ni ó ti kú. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, wọ́n rí i pé kọ́ńpìnì tó ṣe òògùn náà ra èròjà kan tó ń jẹ́ propylene glycol lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kẹ́míkà ní Èkó láìní ìwé àṣẹ. Ohun tí ó tà fún wọn kì í ṣe èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lára ike. Diethylene glycol ni, májèlé tí wọ́n máa ń lò nínú omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì mọ́tò tutù. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn lójú, wọ́n sì jọ ara wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìkejì a máa rọrùn ní iye owó. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá ẹ̀wọ̀n ọdún 7 fún òṣìṣẹ́ méjì nínú kọ́ńpìnì náà. Bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: ní 1990, májèlé kan náà pa ọmọ 47 ní Jos nínú òògùn paracetamol olómi.

Ẹ rò ó wò. Ìyá ọmọ ra òògùn ní ilé ìtajà tòótọ́. Ilé ìtajà rà á lọ́wọ́ alágbàtà tòótọ́. Alágbàtà rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é gan-an, nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára rẹ̀. Ní òkè odò ni omi ti dàrú, níbi tí ẹni tó ṣe é ti di oníbàárà, tí kò sì yẹ ọjà wò. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ẹgbẹ́ wa pé “ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnì tààrà ni ó ti wá” kò tíì sọ ohun tó tó. Láti 2010 ni NAFDAC ti ṣètò pé kí ènìyàn máa ha ara páálí àwọn òògùn kan, kí ó fi nọ́ńbà tó bá rí ránṣẹ́ lórí fóònù, kí wọ́n sì dá a lóhùn bóyá ojúlówó ni. Ẹ̀yin tó ń ta òògùn, ẹ máa há a níwájú oníbàárà. Ilé iṣẹ́ NAFDAC àti ti SON wà ní Wuse Zone 7 níbí. Àwọn ará Ìsẹ́yìn kò ní irú àǹfààní yẹn. Àwa tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kì í débẹ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí a mọ̀ ni pé orúkọ lè wà lára ọjà síbẹ̀ kí ẹni tó ń ṣe é ti yí padà. Lever Brothers dé Nàìjíríà ní 1923, òun ni a wá mọ̀ sí Unilever. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n kéde pé àwọn yóò dẹ́kun àti ṣe Omo, Sunlight àti Lux níbí. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, GlaxoSmithKline ní àwọn ń lọ, ẹlòmíràn ni yóò máa kó òògùn wọn wá. Àwọn tó ní ikọ́ fée láàrin wa mọ bí òògùn fífà símú ṣe gbówó lórí lẹ́yìn náà. Ní oṣù kejìlá, Procter & Gamble tó ni Ariel àti Pampers ní kíkó wọlé nìkan ni ó kù. Ẹni tó bá wá bá yín lónìí pé òun ní Omo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ní ilé iṣẹ́ ní Èkó, ẹ bi í pé ilé iṣẹ́ wo.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa àwọn ọmọ wa tó ń ṣe kọ́ńtírákì. Ní Abuja yìí, bí o bá ju òkúta, ara ẹni tó kọ “General Contractor and Supplier” sí káàdì ni yóò bà. Kò ní ìsọ̀, kò ní ilé ìkẹ́rù, àpò ìwé nìkan ló ní. A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, iṣẹ́ ni. Láti ìgbà tí òfin ìrajà ìjọba ti 2007 ti wà, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì a máa béèrè ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ọjà kí wọ́n tó gbà pé o lè kó o wá. Ìwé yẹn kì í ṣe ohun tí à ń rà lábẹ́ igi. Ẹ tún rántí pé ẹni tó ṣe ọjà kì í dúró de ìjọba: ó fẹ́ owó rẹ̀ lónìí, ọ́fíìsì sì lè san tirẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó kó o wá ni ó wà láàrin, tí èlé owó tó yá sì ń jẹ ẹ́. Àwọn òbí tó ń fi ilé dúró fún ọmọ nítorí kọ́ńtírákì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ìsanwó.

Ó ku ti àwọn tó ń pe ènìyàn lórí fóònù pé àwọn ni aṣojú kọ́ńpìnì. Ìyá kan ní ọjà wa san owó ọgọ́rùn-ún páálí fún irú wọn. Títí di òní, páálí kan kò dé. Orúkọ ènìyàn ni ó wà lórí àkáǹtì tí wọ́n fún un, kì í ṣe orúkọ kọ́ńpìnì. Owó ẹgbẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ wọ inú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn kan láéláé, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá wa ni.

Nítorí náà, ohun tí a ń dá lábàá rè é. Sìmẹ́ńtì, mílíìkì, ọṣẹ àti gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe, kí a má lọ bá ẹni tó ń ṣe é. Kí a wá alágbàtà ńlá kan tí kọ́ńpìnì fúnra rẹ̀ bá jẹ́rìí sí, kí a fi owó àjọrà rà ní púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì dín owó fún wa. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ àti aṣọ òfì, ẹ jẹ́ kí a lọ bá ẹni tó ń ṣe é. Òkè Ògùn kan náà ni Ìsẹ́yìn àti Ṣakí wà, ìrìn àjò kan ni yóò ká a.

Kí a fi aṣọ ẹgbẹ́ tí a fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ dán an wò. Kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta, obìnrin méjì tó mọ aṣọ àti ọkùnrin kan tó mọ ìṣirò. Àwọn ni yóò ra òwú lẹ́ẹ̀kan, tí wọn yóò pín in sí ìdí òfì, tí wọn yóò sì kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀, títí kan owó ọkọ̀ àti oúnjẹ wọn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n bá dé, kí a gbé iye tó ná wa síwájú ìyá tó ń kó aṣọ òfì fún wa tẹ́lẹ̀, kí a mọ̀ bóyá a jèrè tàbí òun ni ó ń ṣe wá lóore. Ìdajì owó ni kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú wá fún àsansílẹ̀. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé láti òní títí di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kí ẹ kọ gígùn aṣọ tí ẹ fẹ́ síwájú orúkọ yín, kí àwọn tó fẹ́ fìlà náà sì kọ ọ́ sọ́tọ̀.